Pátákó Ojú-Ọjọ́ Ọkọ Mi

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kí ó máa sọ fún àwọn tó fẹ́ gun òkè bí ojú-ọjọ́ yóò ṣe rí lókè lọ́hùn-ún. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n fún un ní tábìlì, àga tó ń yí, àti pátákó funfun gbàgàdà kan tó wà níta, lábẹ́ gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn agun-òkè máa ń gbà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ gíláàsì náà wà. Ó so ó mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kó dún wọnranwọnran bí ó bá ń rìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé báńkì ló ń ṣọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi kọjú sí pátákó náà. Bàtà òkè, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti ẹ̀wù òjò ni mo ń fi háyà fún àwọn tó bá ti ilé wá lọ́wọ́ òfo. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ka agun-òkè kankan sí. Ẹni tó ti jókòó sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, tí ikùn rẹ̀ ti ń bọ̀ níwájú rẹ̀, á wá há ara rẹ̀ sínú ṣòkòtò tó ń dán, á dúró síwájú òkè tó ń fojú ara rẹ̀ wò, á sì bi mí pé, "Màmá, ṣé ó jìnnà?" Ọ̀gbẹ́ni kan bi mí rí bóyá ó lè rí ibi tí yóò ti fi iná sí fóònù lókè ṣóńṣó. Mo ní ó wà, pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífítì ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ojú tín-ín-rín tí mo fi ń wo àwọn wọ̀nyẹn náà ni mo fi ń wo ọkọ mi. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé mo rí i fín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń sọ eléyìí, ẹ jẹ́ kí n mí. Ọkọ mi ò gun òkè yẹn rí. Àtẹ̀gùn ilé wa gan-an, bí ó bá ń gùn ún, á dúró láàárín, á di ògiri mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Síbẹ̀, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ òkè, ẹ ó rò pé òun ló bí i.

Èyí tó burú jù nínú ìwà rẹ̀ ni pé kì í pa ohun tó bá ti kọ rẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kọ ojú-ọjọ́ ti ọjọ́ náà títí dé ọjọ́ Àìkú sórí pátákó. Òfin iṣẹ́ sọ pé kí ó máa tún un kọ ní àràárọ̀ bí nǹkan bá yí lókè. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́ ti jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀ ọ́n láti ilẹ̀. Nítorí náà, bí nǹkan bá yí, á fi lẹ́tà wínníwínní há gbólóhùn kan sí etí pátákó nísàlẹ̀, níbi tí igi gíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Á ní òun ti kọ ọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba ọkọ mi gbọ́ nínú ayé yìí, ọmọ wa obìnrin ni. Láti kékeré ló ti máa ń dúró síwájú pátákó yẹn kó tó lọ sí ilé ìwé, á kà á tán, á wá pinnu bóyá kó wọ súẹ́tà tàbí kó má wọ̀ ọ́. Ó lọ sí yunifásítì, ó parí, ó padà wálé, ó sì fẹ́ afinimọ̀nà kan tó ń mú àwọn agun-òkè lọ sókè, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ á máa lọ níwájú, á máa ṣakọ. Ọmọ tèmi á wà lẹ́yìn pátápátá, á máa kó àwọn tó ti rẹ̀ jọ, á máa bá wọn ru báàgì. Mo bí ọmọ, mo rán an níwèé, ó wá ń ru báàgì ọ̀lẹ.

Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ náà kì í ṣe ẹni tí mo lè fi yangàn. Ìròyìn ojú-ọjọ́ oríṣiríṣi ló wà lórí fóònù rẹ̀, èyí tó bá sì sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ ni yóò gbà. Bí gbogbo wọn bá ní òjò, á tún wá òmíràn gbà sórí fóònù títí yóò fi rí èyí tó máa ní oòrùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ṣí gíláàsì, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó kọ ọ́ báyìí: Ọjọ́bọ̀, kùrukùru lórí òkè láàárọ̀, yóò ká kúrò lọ́sàn-án. Ẹtì, òtútù àti afẹ́fẹ́ líle, òkúta yóò máa yọ̀. Àbámẹ́ta, ìjì, àrá àti mànàmáná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá èjìká òkè. Àìkú, sánmà yóò mọ́ gaara láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Èjìká òkè ni ibi tí igbó ti parí. Láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, òkúta gbalasa lásán ni. Kò sí igi, kò sí ihò, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí. Ẹni tí ìjì bá ká mọ́ ibẹ̀, òun gan-an ni yóò ga jù níbẹ̀, mànàmáná ò sì níí wá ẹlòmíràn lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o, èmi náà kì í fi ṣeré.

Ibi tí ọkọ mi ti ń fi ìdérí dé bírò rẹ̀ ni Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ ti dé, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó kó lẹ́yìn, gbogbo wọn dé fìlà aláwọ̀ kan náà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Sátidé ni wọ́n fẹ́ gun òkè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì," Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ wí, ó sì tẹ̀ ba díẹ̀, ìkúnlẹ̀ kò kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ kò dọ̀bálẹ̀. "Sátidé tí ẹ kọ yìí, fóònù mi ní oòrùn ló máa ràn o."

"Fóònù rẹ wo? Èwo nínú ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́?"

"Èyí tó dára jù lára wọn ló sọ ọ́, sà."

"Èyí tó dùn mọ́ ọ nínú jù lò ń sọ."

Àwọn onífìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù mi, torí òótọ́ ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọkọ mi, ó ti tán, kò ní mọ ibi tó máa dúró. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára bẹ́líìtì, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn. Bí oòrùn bá ràn lórí òkè yìí ní Sátidé, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún àna mi. Kí òun máa bọ̀ wá kọ ọ́."

Ọmọ mi ló dá sí i. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí Dádì bá kọ la ó tẹ̀ lé. Sátidé, a ó lọ sùn sí ahéré. Sọ́ńdè ní ìdájí la ó gun ṣóńṣó." Abẹ́ èjìká òkè, nínú igbó, ni ahéré náà wà, ìjì kì í dà á láàmú. Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ yínmú, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó mọ̀ pé bí ọmọ mi ò bá sí lẹ́yìn, ìdajì àwọn tó ń kó lọ ni yóò sọnù sínú igbó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, afẹ́fẹ́ fẹ́ bí ọkọ mi ṣe kọ ọ́, ó wá di wàhálà sí mi lọ́rùn. Nígbà tó wálé wá jẹun ọ̀sán, kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ìgbà tí fèrèsé bá gbá, á wò mí, á ní, "Ṣé o ń gbọ́ ọ?" Mo ní mò ń gbọ́, mo ń kó àwo. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, kò fọ́nnu mọ́. Ó jókòó sétí fèrèsé, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù. Mo rò pé inú ló ń run ún. Mo po oògùn fún un, ó mu ún, kò sọ pé kì í ṣe inú.

Ilẹ̀ Àbámẹ́ta mọ́, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìkùukùu ò sí níbì kankan. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń rí ṣóńṣó òkè kedere. Àwọn agun-òkè dúró síwájú pátákó, oòrùn ń ta wọ́n lórí, wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ mi kọ "ìjì, àrá àti mànàmáná" sí. Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú gun ṣóńṣó lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ mi kọ̀. Ó ní Dádì ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá èjìká òkè, pé bóyá ìjì náà ń bọ̀ tó bá di ọ̀sán. Oòrùn ń pa á lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n wá gba bàtà lọ́wọ́ mi. Mo na ẹ̀wù òjò sí ọmọ mi, mo ní kó kó o dání fún gbogbo wọn.

"Kí la fẹ́ fi ṣe, Màmá? Nínú igbó la máa wà lónìí, Dádì sì ní ọ̀la máa mọ́ gaara. Ẹ wo bí ó ṣe wúwo tó."

Mo pòṣé. Mo gbé àwọn ẹ̀wù náà padà sórí ìkọ́, wọ́n sì gòkè lọ.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sọdá sí ọ́fíìsì ọkọ mi. Mi ò ní parọ́, inú mi ń dùn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ láti àárọ̀. Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń to pépà tí kò nílò títò. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn láti orí òkè. Ó kàwé ju ọkọ mi lọ, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Eléèékánná ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, torí mi ò tíì wọ ọ́fíìsì yẹn kí n má bá a níbi tó ti ń kun èékánná.

"Ẹ kú ìjì o, Bàbá àwọn ọmọ," mo wí. "Ẹ kú mànàmáná."

Ọkọ mi ò yíjú. Eléèékánná ló rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè. "Ìjì náà ò kúkú sá lọ, Màmá. Ó kàn fà sẹ́yìn ni. Ọ̀la ló ń bọ̀, láti ìdájí. Ó tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni. Láti àná ló ti ń sọ ọ́. Mo fi han ọ̀gá."

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Mo ní, "O ti mọ̀ láti àná, o ò sì kọ ọ́ sí pátákó?"

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, Màmá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbà á, kí n sì fi han ọ̀gá. Mo gbà á, mo sì fi hàn." Ó fẹ́ atẹ́gùn sí èékánná rẹ̀.

Ọkọ mi wá yíjú sí mi. Ó ní, "Mo kọ ọ́."

Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pátákó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì. Lóòótọ́, nísàlẹ̀, lẹ́yìn igi, ó kọ ọ́: "Ìyípadà lè wà lọ́jọ́ Àìkú." Lókè rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, sánmà yóò mọ́ gaara láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin yìí jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sábẹ́ mànàmáná nítorí pé kò fẹ́ kí Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ fi òun rẹ́rìn-ín.

Mo padà wọlé. "Ọmọ yín ti gòkè lọ. Kò mú ẹ̀wù òjò dání. Ẹ gbé wókítókí yẹn, kí ẹ kìlọ̀ fún wọn."

"Àkókò tí mo máa ń ka ojú-ọjọ́ fún wọn ò tíì tó."

"Ẹ gbé e báyìí."

"Gbogbo wọn ló ń gbọ́ lórí rẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní..." Kò parí rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n á ní. Orí ìlà kan náà ni wókítókí gbogbo àwọn afinimọ̀nà wà. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, gbogbo òkè ló gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó bá ń ka ojú-ọjọ́ fún wọn, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà, á dà bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Èyí ló máa ń gbádùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ yẹn, mo dúró tì í lórí títí ó fi gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin afinimọ̀nà. Ní ti ọjọ́ Àìkú, a ò lè sọ pé ìròyìn ti tẹ́lẹ̀ kò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àmì kan tí kò tíì fìdí múlẹ̀ lè mú kí ipò sánmà..."

Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ já lù ú láti ahéré. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gun òkè ni àbí ká má gùn ún?"

Afinimọ̀nà kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ẹ bá wa béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn o." Ẹ̀rín wá gba orí ìlà náà kan. Ọkọ mi di wókítókí mú, òógùn ń ṣàn sínú kọ́là rẹ̀.

"Ẹ lo làákàyè yín," ó wí.

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Ẹ má gun ṣóńṣó lọ́la. Ìjì ń bọ̀ láti ìdájí, ó le. Bàbá rẹ ti mọ̀ láti àná, ojú ló ń tì í tí kò fi kọ ọ́. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ẹ má gùn ún."

Nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ dún bí ti ẹni tó ti rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin kọ́. Láti kékeré mi ni ẹ ti ń fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Dádì bá ní òjò máa rọ̀, ẹ̀yin á fọ aṣọ gbogbo ilé, ẹ ó sá a síta, kí wọ́n ṣáà lè rí i. Lónìí tí oòrùn ràn, mo mọ bí inú yín ti máa dùn tó. Ẹ wá gba wókítókí lọ́wọ́ wọn níwájú gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ̀yin ni mo máa wá gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́?"

Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Kò sí èyí tó parọ́ níbẹ̀. Aṣọ náà, mo sá a. Inú mi, ó dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní òótọ́ kan tí mo fẹ́ kí ọmọ mi gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi yẹ̀yẹ́ ná gbogbo ẹnu mi tán. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo na wókítókí padà sí ọkọ mi. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin ló gbà gbọ́. Ẹ kàn sọ pé òótọ́ ni."

Ó gbà á. Mo rí i tó ń gbìyànjú láti sọ ọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàánú rẹ̀.

"Dádì?" ọmọ mi pè é. "Ṣé òótọ́ ni Màmá ń sọ?"

"A ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò," ọkọ mi wí.

Gbogbo wa gbọ́ ọ, èmi, Eléèékánná, Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́, gbogbo àwọn tó wà lórí òkè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi wá sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ ní káńtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún àǹtí tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì mọ́."

Eléèékánná dìde, ó ń fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ kí ọ̀dà èékánná rẹ̀ lè gbẹ, ó fi ìka méjì gba wókítókí lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ bó ṣe rí, kò fi ọ̀ṣọ́ sí i: ìjì láti ìdájí, mànàmáná lórí èjìká òkè àti ṣóńṣó, yìnyín, afẹ́fẹ́ tó lè gbé ènìyàn ṣubú, kò ní dáwọ́ dúró títí di ìrọ̀lẹ́.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀, mà?"

"Láti àná."

"Ẹ ṣeun, mà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, a ò sì mú ẹ̀wù òjò dání. A ń sọ̀kalẹ̀ báyìí."

Àwọn afinimọ̀nà yòókù náà wá ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ti gbọ́, àwọn ń sọ̀kalẹ̀. Eléèékánná gbé wókítókí sórí tábìlì, ó kó báàgì rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun ti parí fún ọjọ́ náà, ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó sì jáde.

Ọkọ mi jókòó sórí àga tó ń yí. Ó ní kí n bá òun pe ọmọ wa padà, kí n kàn bi í bóyá iná tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ó pè é fúnra rẹ̀. Ó ní èmi ni ìyá. Mo ní òun ni ọmọ gbà gbọ́. Wókítókí wà lórí tábìlì láàárín wa, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án nínú àwa méjèèjì.